Ògúndípẹ̀, Akọni Ojú-Ìwé Kìn-ín-ní

Ẹni tó bá gbé Fẹ́sítáàkì lọ́dún 1984 tó sì sọ pé òun ò mọ Olúgbóyèga Ògúndípẹ̀, irọ́ ló ń pa, àfi bí ojú rẹ̀ bá fọ́. Orúkọ ọkùnrin náà wà lára pátákó mẹ́fà láàárín Àfẹ́níù Kìíní àti oríta tí a ń gbà yà sí Agboju. Pátákó kan ń tọ́ka sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìkejì ń tọ́ka sí pátákó àkọ́kọ́. Mẹ́rin tó kù, títí di òní olónìí, èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n orúkọ wà níbẹ̀ gàdàgbà, oyè sì tẹ̀lé e: Alákòóso Àgbà, Àjọ Ẹ̀kọ́ Àgbàlagbà àti Ìlàjú Gbogboogbò, Ẹkùn Fẹ́sítáàkì, Amúwò, títí dé Agboju.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ gígùn dẹ́rù bà yín. Àjọ náà kò ju yàrá mẹ́ta lọ, pẹ̀lú kíláàsì kan tí wọ́n yá lọ́wọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn dírẹ́bà, télọ̀, oníṣọ́ọ̀bù àti ìyá ọlọ́mọ ti ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ìwé tí wọn ò rí kọ́ nígbà èwe, kí wọ́n lè ṣe ìdánwò GCE. Ọgbọ̀n ó lé ẹyọ kan ni wọ́n lọ́dún náà. Bí ẹ bá gbọ́ bí Ògúndípẹ̀ ṣe ń dárúkọ wọn fún àlejò, ẹ ó rò pé ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ ni.

Ọkùnrin yìí ní ìlànà tó fi ń ṣiṣẹ́. Kì í ka ìwé kankan kọjá ojú-ìwé kìn-ín-ní. Ó ní ọ̀gá tó bá ń ṣí ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe ọ̀gá, akọ̀wé ni. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò pẹ́ mọ ọgbọ́n rẹ̀. Akọ̀wé kan kọ lẹ́tà olójú-ìwé méjì sí i. Ó fi ti àkọ́kọ́ yìn ín, ó fi ìkejì bèèrè pé kí wọ́n fún òun ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo tí àjọ náà ní, kí òun máa gbé e lọ sílé. Ògúndípẹ̀ ka ti àkọ́kọ́, inú rẹ̀ dùn, ó fọwọ́ sí i. Bí ẹ̀rọ náà ṣe dé ilé akọ̀wé náà ní Sátẹ́láìtì nìyẹn, kò sì padà wá mọ́.

Ó tún ṣòfin pé nígbàkúùgbà tí òun bá wọ kíláàsì, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ dorí kodò, kí wọ́n máa kọ ohun tí òun ń wí sílẹ̀. Ó ní ojú tó bá ń wo ọ̀gá kò lè máa kọ̀wé. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tó fi ṣe alákòóso fún ọdún mẹ́ta gbáko lórí àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ ju àtàrí wọn lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn àtàrí náà ni ti ìyàwó rẹ̀.

Ẹ ní kò lè rí bẹ́ẹ̀? Ẹ ò tí ì bá ọ̀gá gbélé ni. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti bí àkọ́bí wọn, Ìyá Táyé ni ọkọ rẹ̀ ń pè é, Ìyá Táyé náà ni àwọn aládùúgbò ń pè é, ọdún méjìlélógún sì ti lọ lórí rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ló kọ: Sẹ̀gilọlá Owólabí. Ó sọ nílé pé ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni òun ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ìpàdé náà, ó sì máa ń gbé bírò àti ìwé kíkà dání lọ. Ọkọ rẹ̀ kò bèèrè ohunkóhun.

Kì í ṣe pé obìnrin náà fẹ́ràn irọ́. Ó ti kọ́kọ́ sọ òótọ́ lọ́dún tó ṣáájú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ parí ìwé mi," ló wí, lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìwé wo?" ni Ògúndípẹ̀ dáhùn. "Ṣé èyí tí èmi kà kò tó àwa méjèèjì ni?"

Ohun tí Sẹ̀gilọlá sì ń lé kò lè dúró dè é. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kan ti ní àwọn yóò gbà á, bó bá mú kírẹ́díìtì márùn-ún wá. Mẹ́rin ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lítíréṣọ̀ ló kù. Wọn kì í sì gba ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta, bẹ́ẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà tó ń bọ̀ ni Sẹ̀gilọlá yóò pé mẹ́rìndínláàádọ́ta. Bí ìdánwò ọdún náà bá kọjá lórí rẹ̀, ó parí nìyẹn, yóò jẹ́ Ìyá Táyé títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Eré kan wà lára ìwé tí wọ́n ń kà fún Lítíréṣọ̀ náà, eré àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́. Ìtàn rẹ̀ kò le. Ọba ìlú etí òkun kan gbọ́ pé àrùn ń jà níbi kan lókè òkun. Ló bá ti ibodè ìlú pa, ó ní ọkọ̀ ojú omi kankan kò gbọdọ̀ gúnlẹ̀. Ọkọ̀ kan dé. Baba oníbodè bẹ ọba lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kó kàn bèèrè ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọba ní òun ò ní bèèrè, àṣẹ ti jáde. Omi mímu tán nínú ọkọ̀, àwọn èrò kú. Ìgbà tí ìgbì gbé òkú wọn wá sí èbúté ni ọba tó rí i pé ọmọ òun obìnrin wà láàárín wọn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kò sì sí àrùn kankan lára ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ìbéèrè tí àwọn olùdánwò fẹ́ràn ni pé, nínú gbogbo wọn, ta ni trájíìkì híírò? Ọláìtán, tíṣà wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo, bi wọ́n léèrè ní ọjọ́ Ọjọ́rú kan. Fàósátù tó ń ta wàrà àti ṣúgà ní Agboju ló kọ́kọ́ nawọ́.

"Tíṣà, ọmọ yẹn ni jàre," ló wí. "Òun ló kú, òun ni mo sunkún fún. Ọba wo? Ọba tí ò gbà kí wọ́n ṣí géètì? Ká ní Agboju ni, à bá ti sọ òkò lu ilé ẹ̀."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Sẹ̀gilọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Àlàájà, ọmọ yẹn ò ṣe nǹkan kan," ló wí. "Ó kàn wà nínú ọkọ̀ ni. Èmi, ọba ni mo ń wò. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ dáàbò bo ìlú ni. Ṣùgbọ́n ó ti gbàgbọ́ pé ẹni tó bá ga tó òun kò gbọdọ̀ bèèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ ti kú, ó ti sinmi. Ọba ló máa jí lọ́la, tó máa rántí."

"Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn," ni Ọláìtán wí. "Trájíìkì híírò ni ẹni ńlá tí àṣìṣe ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ṣubú, tó sì wá mọ̀ nígbà tí mímọ̀ kò ṣe àǹfààní mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọn ò tí ì kọ ọ́ tán tí Hàmídù, akọ̀wé Ògúndípẹ̀, fi já wọlé. Iṣẹ́ Hàmídù ni kó máa sáré níwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ dorí kodò! Ẹ dorí kodò o! Alákòóso ń wọlé bọ̀!"

Orí mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ sílẹ̀. Ògúndípẹ̀ wọlé, ó dúró, ó tún agbádá rẹ̀ kó sí èjìká ọ̀tún, ó kó o sí ti òsì, ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin dírẹ́bà mi!" ló wí. "Bí mo ṣe ń bọ̀ lọ́nà, ọpọlọ mi ń ṣiṣẹ́. Mo jókòó sínú mọ́tò, ó ń ṣiṣẹ́. Mo sọ fún un pé kó sinmi, ó kọ̀. Ó ní, Ògúndípẹ̀, bí mo bá sinmi, ta ni yóò ronú fún Amúwò? Mo ní òótọ́ lo sọ. Kí lẹ ń kọ́ lónìí?"

"Eré Gíríìkì ni, sà," ni Ọláìtán dáhùn. "À ń wá trájíìkì híírò inú rẹ̀."

"Ta sì ni?"

"Ọba ni, sà. Ìdí rẹ̀ ni pé—"

Ìdí kọ́ ni Ògúndípẹ̀ bá wá. Ó ti gba ìwé náà, ó ti ṣí ojú-ìwé kìn-ín-ní. Ojú-ìwé náà, kí n má purọ́, dára. Níbẹ̀ ni àwọn àgbà ìlú ti ń kí ọba, ọba tí òkun ń bọ̀wọ̀ fún, tí ògiri ìlú ń fẹ̀yìn tì, tí oòrùn kì í yọ kó má kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀. Ògúndípẹ̀ kà á sókè. Ó tún un kà. Ó pa ìwé dé.

"Ó ti tó," ló wí, omi sì lé lójú rẹ̀. "Àwọn Gíríìkì yìí gbọ́n. Wọ́n ti mọ̀ mí kí wọ́n tó bí mi."

Hàmídù kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Kí wọ́n tó padà dé ọ́fíìsì, ó ti gbé àbá kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó ní gbogbo ìlú ló ní Ọ̀tún, gbogbo ìlú ló ní Òsì, Balógun sì pọ̀ ju ogun lọ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹkùn wo ló ní Trájíìkì Híírò?

"Kò sí, ọ̀gá," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Bí ẹlòmíràn bá gbọ́, wọ́n á sáré jẹ ẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ o."

Bí wọ́n ṣe dá oyè sílẹ̀ nìyẹn ní Àfẹ́níù Kẹrin. Lọ́jọ́ kejì, pátákó keje dìde: TRÁJÍÌKÌ HÍÍRÒ ÀKỌ́KỌ́ TI ẸKÙN FẸ́SÍTÁÀKÌ. Ìwé àṣẹ sì jáde pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí Alákòóso yóò gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta síwájú, yóò tẹríba, yóò ní, "Trájíìkì Híírò wa, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀." Alákòóso yóò gbé abẹ̀bẹ̀ sókè, yóò ní, "Èmi náà ti rí i." Mo fi ojú ara mi rí mẹkáníìkì kan tó wá béèrè owó iṣẹ́ tó ṣe sára Píjò ọ́fíìsì. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó tẹríba, ó kí i, wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀ sókè sí i, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfìfo, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti rí ènìyàn ńlá.

Ọláìtán kò lè gbádùn oorun. Ènìyàn rere ni, irú wọn sì máa ń rí ìyọnu. Ó lọ sí ọ́fíìsì, ó tò sórí ìlà fún wákàtí méjì, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta tó tọ́ sí i.

"Sà, ẹ dákun, ojú-ìwé tó kẹ́yìn eré yẹn—"

"Ọláìtán, lẹ́fẹ́lì wo lo wà?"

"Lẹ́fẹ́lì keje, sà."

"Èmi wà ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ṣé ẹni lẹ́fẹ́lì keje ló máa yan ojú-ìwé tí ẹni lẹ́fẹ́lì kẹẹ̀ẹ́dógún máa kà?"

Nígbà tí Ọláìtán jáde tán, ọkàn Ògúndípẹ̀ kò balẹ̀. Ó fura pé ẹnìkan ń bú ọba náà níbì kan. Ó sì mọ ohun tí ọ̀gá ń ṣe bó bá fura, ó tún gbé ìwé àṣẹ jáde. Ó ní ọba inú eré náà kò ṣẹ̀ rárá, kò lè ṣẹ̀, àti pé nínú ìdánwò àṣewò tí àjọ ń ṣe kí wọ́n tó fi orúkọ ránṣẹ́ fún GCE, ẹnikẹ́ni tó bá kọ ọ́ pé ọba ṣe àṣìṣe, kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Òun fúnra òun ni yóò sì máàkì rẹ̀.

Sẹ̀gilọlá ka ìwé àṣẹ náà lára ògiri kíláàsì. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Fàósátù ní Agboju. Fàósátù nìkan ni ó mọ ọkọ tó ń bá gbé. Ó gbé àpótí fún un láàárín àwọn páálí wàrà.

"Sẹ̀gi, lo sẹ́ńsì," ni Fàósátù wí. "Yin ọba lójú-ìwé kìíní, kó o bú u níkejì. Bàbá yẹn ò ní ṣí i débẹ̀ láéláé. Bí èmi ṣe máa kọ tèmi nìyẹn. Àbí o fẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ ẹ ni?"

"Mi ò fẹ́."

"Kí wá ni wàhálà?"

"Àlàájà, láti ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ mi sí ojú-ìwé kejì. Ó ti sú mi."

Fàósátù ṣí wàrà kan fún un láìgba owó, èyí tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọgbọ̀n ìwé ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyìn ọba. Dírẹ́bà kan tilẹ̀ pe ọba náà ní baba aláàánú, ó ní kó bá òun wá iṣẹ́. Ìwé kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ lọ́nà mìíràn: "Ọba ló ṣe àṣìṣe. Kì í ṣe pé kò ní ọgbọ́n, ó ka ìbéèrè sí ìtìjú ni." Ògúndípẹ̀ ń máàkì lọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, títí ó fi kan èyí. Ó fò dìde.

"Ta ló ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá Owólabí?"

"Obìnrin kan ni, sà," ni Hàmídù wí.

"Orúkọ náà le bí òkúta. Mo káàánú ọkọ tó fẹ́ ẹ!" Ó mú bírò pupa, ó fa ìlà lórí orúkọ náà nínú ìwé tí wọn yóò fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ó tún ìlà náà fà títí ìwé fi ya. "Pípa rẹ́ nìkan kò tó. Lọ́jọ́ ìwúyè mi ní Sátidé, yóò jáde síta gbangba, yóò kúnlẹ̀, yóò sọ pé ọba kò ṣẹ̀. Bóyá n óò ṣàánú fún un, bóyá n ò sì ní ṣe é."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ròyìn obìnrin olórí kunkun náà fún ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ó di abọ́ omi mú.

"Ẹ ti rí ojú rẹ̀ rí?" ló bèèrè.

"Ojú akẹ́kọ̀ọ́? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ìyá Táyé, fi ẹran kan kún un."

Ó fi ẹran kún un. Lẹ́yìn náà ló wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún gan-an. Kò sí àlùbọ́sà nítòsí tí a lè dá lẹ́bi. Ọdún kan ló fi fi ìwé pamọ́ sábẹ́ garawa gàrí, ó fi oorun rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti fi ṣọ́ọ̀ṣì parọ́. Bírò kan ṣoṣo ti fa ìlà sí gbogbo rẹ̀.

Sátidé dé. Wọ́n ta kánáfáasì sí pápá ilé ìwé, wọ́n sì ti fi ìwé pe Kọ́nẹ́ẹ̀lì tí ìjọba ológun fi ṣe olórí gbogbo irú àjọ bẹ́ẹ̀, pé kó wá fi Trájíìkì Híírò joyè. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ka ìwé ìpè náà, ó rò pé eré apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n fẹ́ ṣe. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà.

Ògúndípẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe ọba, ó dé adé páálí tí wọ́n fi bébà góòlù bò. Ojú-ìwé kìn-ín-ní nìkan ni wọ́n ṣe nínú eré náà. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, tí àwọn àgbà ìlú ti kí ọba, ọba ní kí wọ́n tún un kí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ará Agboju tó wà lẹ́yìn dọ̀bálẹ̀ ní tiwọn, nítorí pé adé ni adé, ì báà ṣe páálí. Kọ́nẹ́ẹ̀lì wo aago rẹ̀.

Ògúndípẹ̀ gba máìkì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí àga ọlọ́wọ̀, nínú aṣọ òkè tuntun.

"Ọlá ńlá ni fún mi," ló wí, "ṣùgbọ́n ọ̀tá wà nínú ilé. Ẹnìkan nínú kíláàsì wa kọ ọ́ sínú ìwé pé ọba ṣe àṣìṣe. Mo ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Kó jáde wá, kó kúnlẹ̀, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọba. Sẹ̀gilọlá Owólabí!"

Ó na ọrùn wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo wọn ti dorí kodò, bí òfin ti wí.

"Mo ní Sẹ̀gilọlá Owólabí! Ṣé kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ ni?"

Ìyàwó rẹ̀ dìde lórí àga.

"Ìyá Táyé, jókòó," ló wí sínú máìkì, gbogbo pápá sì gbọ́. "Ìwọ kọ́ ni mò ń pè."

"Èmi ni," ni obìnrin náà dáhùn. "Sẹ̀gilọlá ni orúkọ mi. Owólabí ni bàbá mi, ẹ jẹ iyán nílé rẹ̀ lọ́jọ́ ìdána."

Ẹnìkan lẹ́yìn pariwo, "Yéè!" Ohùn Fàósátù ni. Ògúndípẹ̀ ya ẹnu, máìkì sì gbé èémí rẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn gbọ́. Sẹ̀gilọlá rìn wá síwájú, ó kúnlẹ̀ níwájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì àti ọkọ rẹ̀, nítorí ilé ire ló ti wá.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Mo bẹ̀ yín, orúkọ mi ni kí ẹ bá mi dá padà. Ṣùgbọ́n ọba ṣe àṣìṣe. Bí mo bá kúnlẹ̀ títí di ọ̀la, ó ṣe àṣìṣe."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì gbàgbé aago. Ó yíjú sí Ògúndípẹ̀.

"Alákòóso, ojú-ìwé mélòó ni eré yìí ní?"

"Ó... ó pọ̀ díẹ̀, sà."

"Mélòó lẹ kà?"

Ògúndípẹ̀ wo Hàmídù. Hàmídù ń wo ẹyẹ kan lójú ọ̀run. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní kí tíṣà wá ka ojú-ìwé tó gbẹ̀yìn. Ọláìtán dìde, ó kà á bí ọba ṣe jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ọmọ rẹ̀, tó ní kí ẹnikẹ́ni má wá ẹlòmíràn dá lẹ́bi, ọwọ́ òun ló ti ibodè. Àwọn tó dọ̀bálẹ̀ rọra dìde, wọ́n ń gbọn iyanrìn lára.

"Òun nìyẹn," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wí. "Oyè tí ẹ ní kí n wá fi yín jẹ nìyẹn. Ẹ ti jẹ ẹ́ kí n tó dé."

Ó ní kí wọ́n gbé ìwé tí wọn yóò fi ránṣẹ́ wá. Ó wo ibi tí ìlà pupa ti ya á, ó mi orí, ó sì fi bírò ara rẹ̀ kọ Sẹ̀gilọlá Owólabí sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fọwọ́ sí i. Ó wá sọ gbólóhùn tí àwọn ológun fẹ́ràn lọ́dún náà, pé láti ìsinsìnyí lọ, Alákòóso ti fẹ̀yìn tì. Kí ọkọ̀ Kọ́nẹ́ẹ̀lì tó yí orí padà, Hàmídù, tó ti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ti ń gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta síwájú Ọláìtán. Ọláìtán ní kó jọ̀ọ́, kó lọ wá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ sí Sátẹ́láìtì.

Ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé mo káàánú Ògúndípẹ̀. Síbẹ̀, mo rí i ní oṣù Bélú, ọjọ́ ìdánwò Lítíréṣọ̀. Wọ́n ti gba Píjò. Ó fi ẹsẹ̀ sin ìyàwó rẹ̀ láti ilé, ó bá a gbé báàgì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ṣe ìdánwò ni?"

"Rárá. Èmi ni..." Ó ronú díẹ̀. "Èmi ni ọkọ rẹ̀."

"Ẹ dúró síta."

Ó dúró síta fún wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn, láàárín àwọn ọkọ àti àwọn ìyá tó ń dúró de ẹni tiwọn. Kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i. Obìnrin kan tó ń ta omi bu ife kan fún un, ó mu ún, ó sì dúpẹ́, mo sì lè búra pé ìyẹn nìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Sẹ̀gilọlá jáde. Ọkọ rẹ̀ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n bi yín?" ló bèèrè.

"Wọ́n bi wá nípa eré Gíríìkì yẹn. Wọ́n ní ká sọ ohun tí ọba ìbá ti ṣe, tí gbogbo rẹ̀ kò fi ní rí bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá kọ?"

"Ayaba wà nínú eré yẹn," ni Sẹ̀gilọlá wí. "Ó jókòó ti ọba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó mọ̀ pé ọmọ wọn ń fi ọkọ̀ bọ̀ wálé. Wọn ò fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Mo kọ ọ́ pé kí ọba bi ìyàwó rẹ̀."